Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí chi-square test of independence, fún ẹni tó ń ka ẹ̀dá alààyè

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà táwọn ọmọ báyọ́lọ́jì, zoology, microbiology àti nọ́ọ̀sì bá ti dé Chapter Four pírójẹ́ẹ̀tì wọn, ìdí nìyẹn tá a fi kó wọn jọ síbí. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kà á látòkè. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìpìlẹ̀, ẹ fò lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

Kí gan-an ni test yìí ń wádìí?

Ó ń wádìí bóyá nǹkan méjì tẹ́ ẹ fi pín àwọn ẹ̀dá kan sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn, àbí kálukú ń lọ lọ́tọ̀. Ẹ mú jínótáìpù àti ibà. Tí jínótáìpù ò bá kan ibà rárá, ìdá àwọn tó ní kòkòrò ibà lẹ́jẹ̀ láàárín àwọn AS á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tàwọn AA. Ìyàtọ̀ díẹ̀ á ṣì wà o, torí àwọn tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́jọ́ náà lẹ máa kà, tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ọ̀tọ̀ làwọn tẹ́ ẹ máa bá. Iṣẹ́ test yìí ni láti bá yín wò ó bóyá ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ rí ju ohun tí èèṣì lásán lè gbé wá lọ.

Karl Pearson ló gbé chi-square jáde lọ́dún 1900. Fisher wá tún un ṣe lọ́dún 1922, torí iye degrees of freedom (iye àpótí tó ṣì lè yí padà tí àwọn àpapọ̀ bá ti wà nílẹ̀) tí Pearson ń lò fún tébù ti pọ̀ jù.

Irú dátà wo ló gbà?

Orí kíkà ni. Ọmọ mélòó, ẹ̀fọn mélòó, igi mélòó. Orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àpótí kan ṣoṣo nínú tébù, kò gbọdọ̀ sí èyí tó wà níbi méjì, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí ò rí ibì kankan wọ̀.

Ìwọ̀n ni gíga, ìwúwo, PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wọn kìí ṣe kíkà. Ẹ lè gé PCV sí "ó kéré" àti "ó tó" kẹ́ ẹ wá ka orí, kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ti ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí dátà yẹn fẹ́ sọ fún yín nù nìyẹn, t-test, tó ń fi àárín ìwọ̀n ẹgbẹ́ méjì wéra, ló yẹ ẹ́ jù.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀kan wà tó kan gbogbo wa tá a máa ń béèrè jínótáìpù ká tó fẹ́ra. Lọ́dún 1954, Anthony Allison tẹ àbájáde ìwádìí tó ṣe ní Uganda jáde. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Baganda 290 wò ní agbègbè Kampala, ó wo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń tẹ̀ bíi dòjé (AS tàbí SS) àtàwọn tí tiwọn kìí tẹ̀, ó tún wo ẹni tó ní kòkòrò ibà lẹ́jẹ̀. Ohun tó kà rèé:

| | Ó ní kòkòrò ibà | Kò ní | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé | 12 | 31 | 43 |
| Ẹ̀jẹ̀ kìí tẹ̀ | 113 | 134 | 247 |
| Àpapọ̀ | 125 | 165 | 290 |

Tí a bá sọ ọ́ di pasẹ́ǹtì, 27.9% ló ní kòkòrò ibà nínú àwọn ti àkọ́kọ́, 45.7% nínú àwọn ti èkejì. Ìyàtọ̀ wà lójú, kò farasin. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ọmọ 43 pọ̀ tó ká gba ìyàtọ̀ yẹn gbọ́? Tébù yìí la máa padà sí jù nísàlẹ̀.

Báwo la ṣe ń rí iye tí à ń retí?

Iye tí à ń retí (expected count) ni iye tó yẹ kó wà nínú àpótí kan tí nǹkan méjèèjì ò bá kan ara wọn. Ẹ mú àpapọ̀ tó wà ní ìbú, ẹ fi àpapọ̀ tó wà ní òró sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ pín in. Fún àpótí àkọ́kọ́, 43 × 125 ÷ 290 = 18.53. Kò sí idán níbẹ̀: nínú gbogbo ọmọ 290, 43.1% ló ní kòkòrò ibà, tí ẹ̀jẹ̀ dòjé ò bá kan ọ̀rọ̀ náà, 43.1% yẹn náà ló yẹ kó wà nínú àwọn ọmọ 43, ìyẹn sì jẹ́ ọmọ 18 àti àbọ̀. Méjìlá péré ni Allison rí.

Àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ 24.47, 106.47 àti 140.53. Ẹ má sọ wọ́n di odidi o, kò sí ohun tó burú nínú ọmọ 18.53, torí iye tí à ń retí ni, kìí ṣe ọmọ tó dúró síwájú yín.

Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ iye tí à ń retí kúrò nínú iye tẹ́ ẹ kà, ẹ fi èsì ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi iye tí à ń retí pín in. Ẹ máa rí 2.30, 1.75, 0.40 àti 0.30. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 4.75.

Kí ló dé tí degrees of freedom fi jẹ́ 1 nígbà tí àpótí jẹ́ 4?

Torí pé àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Tí mo bá ti sọ fún yín pé 12 ló wà nínú àpótí àkọ́kọ́, ẹ lè fi àpapọ̀ wá àwọn mẹ́ta yòókù fúnra yín, ọwọ́ wọn ti dè. Iye ìbú dín kan, ẹ fi iye òró dín kan sọ ọ́ di púpọ̀, ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìbú àti òró àpapọ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn, àwọn kan máa ń kà á mọ́ ọn.

Fún degrees of freedom 1, ààlà tó wà ní 0.05 (iye tí èèṣì lásán máa kọjá ní bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún) jẹ́ 3.841. 4.75 ti kọjá ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní p ti 4.75 yẹn jẹ́ 0.029, kí ló ń sọ gan-an?

Ó ń sọ pé, ká ní ẹ̀jẹ̀ dòjé àti kòkòrò ibà ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn rárá, tí a sì ń ka ọmọ 290 báyìí léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún la máa rí ìyàtọ̀ tó tó èyí tàbí tó jù ú lọ. Kò sọ ju ìyẹn lọ. Kò sọ pé 97% ló dájú pé AS ń gba èèyàn lọ́wọ́ ibà, kò sọ bí ààbò yẹn ṣe lágbára tó, kò tiẹ̀ sọ ẹgbẹ́ tí ibà pọ̀ sí nínú méjèèjì, torí tẹ́ ẹ bá yí tébù yẹn padà kó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ dòjé ni ibà ń mú jù, 4.75 kan náà lè jáde. Ẹ padà wo pasẹ́ǹtì yín kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kankan.

Ṣé mo lè fi pasẹ́ǹtì ṣe chi-square?

Rárá o. Rárá. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń ba iṣẹ́ gidi jẹ́, torí kọ̀ǹpútà ò ní pariwo, nọ́ńbà á jáde bíi pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ wò ó: tẹ́ ẹ bá fi 27.9, 72.1, 45.7 àti 54.3 sínú tébù dípò 12, 31, 113 àti 134, chi-square máa di 6.81, p á sì di 0.009. Ẹ ti parọ́ fún un pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún lẹ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé 43 àti 247 ni. Tẹ́ ẹ bá wá lo 0.279 àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó máa di 0.068, gbogbo ìyàtọ̀ á pòórá. Orí tẹ́ ẹ kà ni kẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀, pasẹ́ǹtì wà fún ẹni tó máa kà á.

Kalikulétọ̀ mi sọ 4.75, R sọ 4.05. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n ṣe ló yàtọ̀. R (sọ́fítíwià ìṣirò) máa ń fi àtúnṣe Yates sí tébù 2×2 láìbéèrè lọ́wọ́ yín, ó ń yọ 0.5 kúrò nínú ìyàtọ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe ìyókù. Frank Yates ló gbé e wá lọ́dún 1934. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ correct = FALSE mọ́ ọn. Nínú SPSS, sọ́fítíwià ìṣirò mìíràn, ìlà Pearson Chi-Square ló bá ti kalikulétọ̀ mu, Continuity Correction ló bá ti R mu.

Lójú tèmi, ọmọ 290 ò nílò Yates, ó máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti pinnu èyí tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó rí èsì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀. Kéèyàn wo méjèèjì kó wá mú èyí tó wù ú, ìyẹn ò dáa.

Excel kàn fún mi ní nọ́ńbà kan tó kéré gan-an, chi-square dà?

CHISQ.TEST ò kí ń fún èèyàn ní chi-square, p-value ló máa ń gbé jáde tààrà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa kọ́kọ́ ṣírò tébù iye tí à ń retí fún un.

Kí ló yàtọ̀ láàárín èyí àti goodness of fit?

Goodness of fit ń fi òró kan ṣoṣo wé ìdá tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mendel ka ẹ̀wà pea tí òdòdó ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó jẹ́ 705, ti funfun jẹ́ 224, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdá 3:1 ni. Ibi tí 3:1 ti wá ni àlàyé tó ní nípa àjogúnbá, kìí ṣe inú dátà yẹn. Chi-square ẹ̀ jẹ́ 0.39, ó bá a mu dáadáa.

Ní ti independence, ẹ ò mú ìdá kankan wá látìta. Inú àpapọ̀ tébù yín náà lẹ ti ń fa iye tí ẹ ń retí yọ.

SPSS kọ ọ́ sábẹ́ tébù pé àwọn cell kan ní expected count tó kéré sí 5. Ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ ni?

Kò tíì bàjẹ́. Àkọ́kọ́, iye tí à ń retí ló ń sọ o, kìí ṣe iye tẹ́ ẹ kà. Àpótí tẹ́ ẹ ka 2 sínú ẹ̀ lè ní iye tí à ń retí tó jẹ́ 9, kò sí wàhálà, àní tẹ́ ẹ bá ka òdo pàápàá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé wá látọ̀dọ̀ Cochran lọ́dún 1954: nínú tébù tó tóbi, kí àwọn àpótí tí iye tí à ń retí nínú wọn kò tó 5 má ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀ (20%) lọ, kí ìkankan má sì kéré sí 1. Tó bá jẹ́ 2×2, ẹ jẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó 5.

Tí kò bá pé, Fisher's exact test ni kẹ́ ẹ lọ bá, ìyẹn ò bẹ̀rù nọ́ńbà kékeré. Tí tébù bá tóbi, ẹ ní kí R fi simulate.p.value ṣe é fún yín, á fi àwọn tébù èèṣì tó ṣe fúnra ẹ̀ wá p.

Àwọn mìíràn máa ń da ọ̀wọ́ méjì pọ̀ kí iye lè pọ̀. Ó gbà tó bá bọ́gbọ́n mu nínú báyọ́lọ́jì. Bí àpẹẹrẹ, sickling test fúnra ẹ̀ ò lè ya AS kúrò lára SS, àwọn méjèèjì ń tẹ̀, torí náà ẹni tó bá lo test yẹn ti dà wọ́n pọ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìbéèrè yín bá jẹ́ nípa àwọn aláìsàn SS, tẹ́ ẹ wá dà wọ́n mọ́ AS torí kí SPSS lè dákẹ́, ìbéèrè yín lẹ pa yẹn.

Tébù mi jẹ́ 4×3, ó sì jẹ́ significant (p ò tó 0.05). Kí ló kàn?

Ká sọ pé blood group mẹ́rin àti jínótáìpù mẹ́ta ni, degrees of freedom jẹ́ 6, ààlà jẹ́ 12.592. Tí ẹ bá kọjá ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ibì kan nínú tébù yẹn ò bá ìretí mu, ẹ ò tíì mọ ibẹ̀. Ẹ gba adjusted residual (nọ́ńbà tó ń sọ bí àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìretí tó) jáde, R ń pè é ní stdres. Àpótí tí tiẹ̀ bá ju 1.96 lọ lókè tàbí tó wà nísàlẹ̀ −1.96 ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Torí àpótí jẹ́ méjìlá, ẹ mú ààlà le díẹ̀, Bonferroni (kẹ́ ẹ fi iye àpótí pín 0.05) tó fún un.

Mo fi ẹ̀fọn 25 sínú túùbù kọ̀ọ̀kan, túùbù mẹ́rin, ó di ẹ̀fọn 100. Ṣé iye sáńpù mi (n) jẹ́ 100 ni àbí 4?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí tá a kọ síbí nìyí, òun sì ni wọ́n ń béèrè kéré jù. Chi-square gbà pé orí kọ̀ọ̀kan dá dúró, pé ikú ẹ̀fọn kan ò sọ nǹkan kan nípa ikú èkejì. Ẹ̀fọn tó wà nínú túùbù kan náà jọ wà lórí pépà oògùn kan náà, nínú ooru kan náà, ọwọ́ kan náà ló kó wọn síbẹ̀. Tí pépà yẹn bá ti gbó, gbogbo wọn ni kò ní kú. Àwọn 25 yẹn ò tó ẹ̀rí 25.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé ogún tẹ́ ẹ já lára igi kan, ẹja ọgọ́ta nínú pọ́ńdì kan, ọmọ ajá mẹ́fà tí ìyá kan bí, àtàwọn ọmọ ìyá kan náà tó ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kan. Chi-square á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, p á kéré, inú yín á dùn, ẹlòmíràn á tún un ṣe níbòmíràn kò ní rí nǹkan kan.

Kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ kọ́kọ́ kọ èsì túùbù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n jọra. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra gan-an, ẹ fi chi-square sílẹ̀, ẹ lo mixed model tó mọ túùbù mọ́ ìṣirò, tàbí kẹ́ ẹ mú ìdá tó kú nínú túùbù kọ̀ọ̀kan bíi dátà kan ṣoṣo. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ti rò ó kẹ́ ẹ tó wọ lábù: túùbù púpọ̀ tí ẹ̀fọn inú ẹ̀ kéré sàn ju túùbù díẹ̀ tó kún lọ.

Àwọn ọmọ kan náà ni mo yẹ̀ wò kí wọ́n tó lo oògùn àti lẹ́yìn tí wọ́n lò ó.

Chi-square yìí kọ́ nìyẹn, torí ọmọ kan ti wọ tébù lẹ́ẹ̀mejì. Test McNemar, tó wà fún dátà tí wọ́n kó lára ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ni kẹ́ ẹ lò. Òun náà ni fún ẹ̀jẹ̀ kan náà tẹ́ ẹ fi máíkírósíkóòpù wò tẹ́ ẹ tún fi RDT (test ibà kíákíá) wò.

Mo ka iye kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kíkà náà kọ́ ni?

Kíkà ni, ṣùgbọ́n ọmọ ni orí yín níbí, kòkòrò kọ́. Tẹ́ ẹ bá ro kòkòrò gbogbo ọmọ AA pọ̀, tẹ́ ẹ ro ti AS pọ̀, tẹ́ ẹ wá kó o sí chi-square, ọmọ kan ṣoṣo tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò lè pinnu gbogbo èsì. Ẹ lo Mann-Whitney tàbí negative binomial, àwọn ọ̀nà tó ń fi iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wéra láàárín ẹgbẹ́ méjì. Ohun kan náà ni fún ẹyin aràn inú ìgbẹ́ àti colony orí àwo agar.

Mo fi nǹkan ogún wé ibà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jáde ní p = 0.04. Ṣé kí n kọ ọ́?

Tí ìkankan nínú ogún yẹn ò bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibà, tí wọ́n sì dá dúró, 64% ni àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan á ṣì jáde ní ìsàlẹ̀ 0.05. Ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ kọ gbogbo ogún síbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á mọ ibi tí 0.04 yẹn ti wá.

p mi jẹ́ 0.73. Ṣé mo lè sọ pé wọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn?

Ẹ sọ pé ẹ ò rí ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n ní. Mendel ka kóró pea 556: 315 róbótó tó jẹ́ yẹ́lò, 108 róbótó tó jẹ́ gíríìnì, 101 tó hunjọ tó jẹ́ yẹ́lò, 32 tó hunjọ tó jẹ́ gíríìnì. Tẹ́ ẹ bá fi ìrísí wé àwọ̀ nínú 2×2, chi-square jẹ́ 0.12, p jẹ́ 0.73. Kóró 556 pọ̀ débi pé tí ìsopọ̀ ńlá bá wà, ó yẹ ká rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ọgbọ̀n tó rí 0.73 ò lè sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, sáńpù ẹ̀ ò lágbára láti rí ohunkóhun.

Tí sáńpù bá pọ̀ gan-an ńkọ́?

Ìdàkejì ẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi mẹ́wàá sọ gbogbo àpótí Allison di púpọ̀, chi-square máa di 47.5, p á kéré kọjá sísọ, bẹ́ẹ̀ 27.9% àti 45.7% ò yí padà rárá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ bí ìsopọ̀ náà ṣe tóbi tó mọ́ ọn. Phi (agbára ìsopọ̀, láti 0 dé 1) tàwọn ọmọ Kampala jẹ́ 0.13, odds ratio (iye tó ní ibà sí iye tí ò ní nínú ẹgbẹ́ kan, tá a fi ti ẹgbẹ́ kejì pín) jẹ́ 0.46. Nínú Chapter Four, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: χ² = 4.75, df = 1, n = 290, p = 0.029, kí pasẹ́ǹtì méjèèjì àti odds ratio tẹ̀ lé e.

Ṣé mo wá lè kọ ọ́ pé AS ló fà á tí ibà ò fi mú wọn?

Tébù kan ò lè gbé ìyẹn. Pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ló sọ. Pé AS ń dín ibà tó le kù ti di ohun tí sáyẹ́ǹsì gbà lónìí, àmọ́ ẹ̀rí púpọ̀ láti ibi púpọ̀ ló gbé e débẹ̀, 4.75 nìkan kọ́.

Ọjọ́ orí ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Níbi tí ibà ti pọ̀, àgbàlagbà ti ní agbára lára tí ọmọdé ò tíì ní, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn kìí sábà pọ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé àgbà ló pọ̀ nínú AS tẹ́ ẹ kà, tí ọmọdé pọ̀ nínú AA, chi-square yín á ga, ọjọ́ orí ló sì ń sọ̀rọ̀ yẹn, kìí ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ pín tébù yín sí ọ̀wọ́ ọjọ́ orí, kẹ́ ẹ fi ọ̀nà Mantel-Haenszel da èsì wọn pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo logistic regression, tó lè yẹ ọ̀pọ̀ nǹkan wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò bá ju ọ̀kan lọ.

Ọsibítù nìkan ni mo ti kó sáńpù mi. Ṣé ó kan chi-square?

Ó kàn án gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni aláìsàn SS máa ń wá sí ọsibítù torí crisis, yálà ibà ń ṣe wọ́n o, kò ṣe wọ́n o. Ọ̀pọ̀ AA tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sì jẹ́ pé ibà gan-an ló gbé wọn wá. Ìdí tí kálukú fi dé ibẹ̀ ti so mọ́ nǹkan méjèèjì tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra, torí náà ìsopọ̀ lè jáde nínú tébù tí kò sí láàárín ìlú, tàbí kí èyí tó wà gan-an farasin.

Kò sí àtúnṣe kankan nínú ìṣirò tó lè wo èyí sàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kó dátà tán. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí iléèwé tàbí ojúlé. Tí kò bá ṣeé ṣe, àwọn tó wá sí ọsibítù yẹn láàárín oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú àkọlé àti ìparí iṣẹ́ yín, ẹ má kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí i.